Wẹ́rẹ́ Gbẹnu Ìyá Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Wẹ́rẹ́ là ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ ṣọ́ ohùn yín tí ẹ bá ń pè é o, torí ẹnu tó bá yọ̀ díẹ̀ á sọ ọmọ ọlọ́mọ di wèrè. Ohun tó fa orúkọ náà ni pé kò sẹ́ni tó lè ká aṣọ ibùsùn bíi tiẹ̀ ní gbogbo ilé ìfọṣọ ọsibítù tá a ti ń ṣiṣẹ́. Bí aṣọ bá ti jáde nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́, tó ṣì gbóná, á di igun méjì mú, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó ṣẹ́jú, aṣọ ti pẹlẹbẹ bí ìwé. Èmi ní tèmi, Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè mí, torí ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Tábìlì rẹ̀ àti ẹ̀rọ mi kọjú síra wọn, èdè kan náà la sì gbé kúrò nílé wá. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Wẹ́rẹ́ nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ti kú láti kékeré. Ìyá yìí ni obìnrin kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń fa omi fún ìlú wọn. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gba Màmá fún níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ni wọ́n ń wo ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tí ọdún fi máa gorí ọdún, bí ẹ̀rọ bá ti yí ohùn padà báyìí, Màmá ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n lò nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n fi tọ́ Wẹ́rẹ́ dàgbà, tí wọ́n fi rán an jáde kó lọ wá ọ̀nà tirẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Wẹ́rẹ́ ti wà lọ́dọ̀ wa kí ogun tó dé ìlú wọn. Ogun náà kò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ìròyìn tí àwọn èèyàn ń kà lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó dé ìlú tó múlé gbe tiwọn, nígbà tó yá wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Lójoojúmọ́, tá a bá ti lọ jẹun ọ̀sán, Wẹ́rẹ́ á wọ yàrá tá a ń to aṣọ mímọ́ sí, á jókòó sáàárín pẹpẹ méjì, á pe ìyá rẹ̀. Èmi náà á jókòó tì í, torí ibẹ̀ nìkan ni ariwo ẹ̀rọ kì í dé.

"Màmá, ẹ ti di ẹrù?"

"Mo ń dì í."

"Ohun tẹ́ ẹ sọ lánàá náà nìyẹn."

"Ẹrù àgbà kì í tètè dì. Ṣé o ti jẹun?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ń bẹ̀, ìyá ń fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ dá a lóhùn.

Àbúrò bàbá Wẹ́rẹ́ wá rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fẹ́ kó èèyàn lọ sí ẹnubodè. Ó ní kí Màmá wá pàdé àwọn ní oríta ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú. Nígbà tí Wẹ́rẹ́ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá ní àwọn ti di ẹrù, àwọn ti wà lọ́nà. Ọkọ̀ dúró dè wọ́n fún wákàtí méjì. Nígbà tí ìró ìbọn ti ń sún mọ́ tòsí, awakọ̀ ò lè dúró mọ́. Gbólóhùn kan péré ni àbúrò bàbá rẹ̀ sọ nígbà tó pè é: "Ìyá rẹ ò wá."

Wẹ́rẹ́ pe ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n gbé e.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo pẹ́ ni. Ara mi le."

"Ẹ pẹ́? Fún wákàtí méjì?"

"Ọkọ̀ mìíràn á wá."

Ọkọ̀ mìíràn kò wá. Lọ́jọ́ kẹrin sígbà yẹn, fóònù Màmá ò lọ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ni a ò fi gbúròó wọn. Wẹ́rẹ́ ò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Omi á máa dà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa ká aṣọ, igun á sì pé igun. Lọ́sàn-án, á jókòó sáàárín pẹpẹ rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà kan náà, á gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń sọ pé kò sẹ́ni níbẹ̀, á tún un tẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ìbínú náà wà nídìí ẹ̀rù yẹn. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé, "Àǹtí, mo bẹ̀ wọ́n. Ọkọ̀ wà níbẹ̀. Kí ni mo fi ṣe wọ́n tí wọn ò fi wá?" Mo kó búrẹ́dì mi fún un, ó gé e díẹ̀ torí kí n má bàa bínú.

Ọjọ́ kẹrìnlélógójì, aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù gbọ̀n lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ni pé a kì í gbé fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo nọ́ńbà náà, kò mọ̀ ọ́n, ó gbé e. N ò gbọ́ ohun tí ẹni náà sọ, ṣùgbọ́n mo rí i tí Wẹ́rẹ́ jókòó lé òkìtì aṣọ ìdọ̀tí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wọ́ọ̀dù wá. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé aṣọ yẹn, ara aláìsàn ló ti bọ́. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín àyàfi lọ́jọ́ tí ìsinmi rẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, sáré bọ̀, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó pa gbogbo ẹ̀rọ, kí ọmọ náà lè gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀, n ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé yẹn rí.

Màmá ti kọjá ẹnubodè. Inú àgọ́ kan ni wọ́n wà, wọ́n yá fóònù olùkọ́ kan lò. "Èmi ni," ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè bóyá ọmọ ti jẹun.

Látìgbà yẹn, oṣù mọ́kànlá gbáko ni Wẹ́rẹ́ fi sáré ìwé tí ìyá rẹ̀ máa fi wá bá a. Ọjọ́ ìsinmi tiwa ni ọjọ́ oorun, tirẹ̀ ni ọjọ́ ọ́fíìsì. Ó mọ fèrèsé tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, ó mọ èyí tí wọ́n ti ń dá a padà, ó sì mọ òṣìṣẹ́ tó máa ń gbójú sókè tí èèyàn bá kí i. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé ìyá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ìwé ìbí rẹ̀ ti jóná pẹ̀lú ọ́fíìsì tó wà nínú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gba itọ́ ẹnu rẹ̀ níbí, wọ́n gba ti ìyá rẹ̀ ní àgọ́, wọ́n lọ fi wéra. Nígbà tí èsì dé pé lóòótọ́ ni, ó fi ìwé náà hàn mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Mo ti di ọmọ ìyá mi lábẹ́ òfin." Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́dún náà nìyẹn.

A jọ lọ pàdé Màmá ní pápákọ̀ òfurufú. Mo ti ń retí ìyá gàgàrà kan nítorí gbogbo ohun tí mo ti gbọ́, àṣé èèyàn kúkúrú ni, wọ́n rù, wọ́n gbé báàgì kan tí kò ju ti ọmọ iléèwé lọ, wọ́n sì fi ọ̀pá kan tilẹ̀. Wọ́n wo ọmọ wọn láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti rù."

"Ẹ̀yin náà ti rù, Màmá."

"Èmi, ó yẹ kí n rù. Ìwọ ńkọ́?"

Wẹ́rẹ́ dì mọ́ wọn. Nígbà tó fi wọ́n sílẹ̀, ó wo ọ̀pá. "Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ọjọ́ orí ni," Màmá wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá èmi ni Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbóhùn rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ wọn lórí fóònù.

Yàrá kan àti kíṣìnnì ni Wẹ́rẹ́ ní, lórí àjà kẹrin ilé kan tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó fún ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá wa, ó bọ́ sí iṣẹ́ ìdájí, kó lè máa délé kí ọ̀sán tó pọ́n. Tó bá délé, á dáná, á mú Màmá jáde, á kọ́ wọn ní ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ó kọ àdírẹ́sì ilé sórí páálí, ó rán an mọ́ inú ẹ̀wù wọn. Ó kọ orúkọ nǹkan sára nǹkan: ilẹ̀kùn, fìríìjì, ṣúgà, ní èdè ibí, kí Màmá lè máa kà á. Màmá ń kà á. Lọ́jọ́ kan tí mo débẹ̀, wọ́n tọ́ka sí ọmọ wọn, wọ́n ní, "Èyí nìkan ni kò kọ nǹkan sí lára. Ta ló mọ orúkọ rẹ̀?" Wọ́n fẹ́ràn àwàdà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣe àwàdà tán, wọ́n á padà sídìí fèrèsé, wọ́n á jókòó bí àlejò tó ń retí ẹni tó máa wá mú un lọ.

Mo rí nǹkan kan nínú ilé náà tí n ò fẹ́ràn. Gbogbo ohun tí ọmọ lè ṣe fún ìyá ni Wẹ́rẹ́ ń ṣe, kò yẹ̀ kan. Síbẹ̀, àárín wọn kò dán. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú tí ọkọ̀ dúró yẹn wà láàárín wọn bí àga tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jókòó lé, tí wọn ò sì gbé kúrò lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ omi ló tú u síta. Wẹ́rẹ́ ń fọ abọ́, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ gbuu bá a ti máa ń ṣe níbí. Màmá dìde, wọ́n fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ wá, wọ́n ti ẹ̀rọ pa. Ó tún un ṣí. Wọ́n tún un tì.

"Màmá, omi kì í tán níbí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí níbẹ̀."

Wẹ́rẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ń nu èyí tó ti fọ̀. Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá: "Wákàtí méjì ni ọkọ̀ fi dúró dè yín. Mo ti bẹ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ò wá, ẹ ò sì sọ ìdí ẹ̀ fún mi títí di òní."

Màmá wo ilẹ̀. "Mo pẹ́ ni," ni wọ́n sọ, wọ́n padà sídìí fèrèsé. Mo nu abọ́ kan náà bí ìgbà mẹ́fà.

Kò tó oṣù kan sígbà yẹn tí Màmá ṣubú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí i pé tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n máa ń dúró ní gbogbo orígun, wọ́n á máa wo aṣọ tí àwọn ará ilé sá, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rà á. Wẹ́rẹ́ rò pé wọ́n ń wòran ni. Lọ́jọ́ yẹn, láàárín àjà kejì sí ìkẹta, ẹsẹ̀ òsì wọn kọ̀, wọ́n jókòó lulẹ̀, wọn ò sì lè dìde. Ọkùnrin tó ń ṣe àtúnṣe ilé náà ló bá wa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù wa. Màmá ní kí n má lọ, kí n bá àwọn wọlé, torí náà èmi náà wà nínú yàrá dókítà.

Obìnrin ni dókítà náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó gbé jígí sórí irun. Ó ní kí Wẹ́rẹ́ máa túmọ̀.

"Sọ fún wọn pé mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn," Màmá wí.

"Ìyá mi ní àwọn ṣubú lórí àtẹ̀gùn."

"Ṣáájú ìgbà yẹn ńkọ́? Kí ló ti ń ṣe ẹsẹ̀ yẹn?"

"Ọjọ́ orí ni."

"Ìyá mi ní ọjọ́ orí ni."

Dókítà tẹ ìbàdí Màmá, Màmá sì di etí bẹ́ẹ̀dì mú títí ọwọ́ wọn fi funfun. Wọ́n lọ ya àwòrán egungun wọn. Nígbà tá a padà jókòó, dókítà gbé àwòrán náà sójú ẹ̀rọ. A rí egungun ìbàdí, ó dúdú ó funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni nǹkan mẹ́ta kan wà, wọ́n funfun ju egungun lọ, ìkọ̀ọ̀kan tó ẹyọ àgbàdo, etí wọn rí ṣágiṣàgi.

"Èyí kì í ṣe ti àtẹ̀gùn," dókítà wí. "Irin ni."

Wẹ́rẹ́ ò túmọ̀ ìyẹn. Màmá ti rí i fúnra wọn. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́, bí wọ́n ti máa ń wo ẹ̀rọ tí wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Máa bá mi sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́."

Wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Wẹ́rẹ́ ń túmọ̀ rẹ̀.

"Mo ti di ẹrù lọ́jọ́ náà. Mo ti dé etí oríta, mo ń rí ọkọ̀ yẹn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rí àbúrò bàbá rẹ lórí ẹ̀, ó ń wá mi kiri. Obìnrin kan wá ń bọ̀ tòun ti korobá méjì. N ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, 'Màmá ilé omi, ṣé omi á yọ lónìí?' Mo ní á yọ."

"Ìyá mi ní obìnrin kan bèèrè bóyá omi á yọ," Wẹ́rẹ́ wí, "ìyá mi ní àwọn sọ pé á yọ."

"Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ ohun tí mo sọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ. Ọwọ́ èmi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Tí n bá wọ ọkọ̀ yẹn, omi ò ní yọ. Mo sì ti sọ fún un pé á yọ. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo yí padà. Mo ní kí n fún wọn ní ti ọjọ́ yẹn, kí n wá ọkọ̀ mìíràn lọ́la. Lọ́la, wọ́n tún gbé korobá wá. Ọsibítù tó wà lórí òkè ní aláìsàn tó lé ní ogójì tí wọn ò lè gbé kúrò. Omi yẹn ni wọ́n fi ń fọ egbò wọn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ìyá mi ní" ti kúrò lẹ́nu Wẹ́rẹ́. N ò rò pé òun náà mọ̀. Mo kàn gbọ́ ọ tó ń sọ fún dókítà ní èdè ibí pé, "Mo ń tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, mo ń tan án nírọ̀lẹ́. Mo ń sùn sídìí ẹ̀rọ, torí ọ̀nà ilé ò ṣeé rìn mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo ṣe bẹ́ẹ̀." Ó jókòó níwájú mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ó ń sọ pé, "Ọjọ́ tó ṣe ìkọkàndínlógún, bọ́ǹbù bọ́ sórí òrùlé. Nǹkan kan gbá mi ní ìbàdí. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Kò dúró. Ó ń fa omi lọ títí dísẹ́ẹ̀lì fi tán nínú rẹ̀." Nọ́ọ̀sì méjì ló rí Màmá, torí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi lọ́sibítù, kò yọ, wọ́n sì mọ̀ pé bí ìyá yẹn bá wà láyè, á yọ. Wọ́n wá wọn wá. Wọ́n di ojú egbò náà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ wá kó gbogbo aláìsàn, wọ́n kó Màmá mọ́ wọn. Ọkọ̀ gbé wọn dé ìdajì ọ̀nà, ìyókù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín dé ẹnubodè.

Dókítà bọ́ jígí kúrò lórí irun. "Bi wọ́n léèrè," ó wí, "kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ìwọ?"

Wẹ́rẹ́ bi wọ́n.

"Ọmọ kan ni mo bí," Màmá wí. "Ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n wá. Mo kẹ̀yìn sí ọmọ mi nítorí ẹni tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ló máa gbọ́ ọ tí inú ò ní bí? Mo ní kó kúkú rò pé mo pẹ́."

Wẹ́rẹ́ kọjú sí dókítà. Ó sọ ọ́, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: "Ọmọ kan ni mo bí. Ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n wá." Ó sọ ọ́ dé ìparí. Omi ti ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, kò nù ún.

"Kí lo sọ fún wọn?" Màmá bèèrè.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ìwọ alára ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?"

Wẹ́rẹ́ fi àga sílẹ̀, ó lọ jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. "Inú bí mi, Màmá. Ó ti lé lọ́dún kan tí inú ti ń bí mi. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo gbé korobá yẹn ńkọ́?" Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti di etí bẹ́ẹ̀dì, ó tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi tirẹ̀ sáàárín. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Irin méjì jáde, ẹ̀kẹta wà nítòsí iṣan, wọ́n ní kó máa gbé ibẹ̀. Ní ilé ìfọṣọ, a pín iṣẹ́ Wẹ́rẹ́ mọ́ra wa lọ́wọ́ kó lè máa wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀gá wa pàápàá ká aṣọ, ó ká a bí ẹni di ẹrù iṣu, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde. Nígbà tí mo lọ kí Màmá ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń fi ìka tọ igun aṣọ ibùsùn wọn.

"Ta ló ká èyí?"

"Èmi ni, kí wọ́n tó gbé yín wá," Wẹ́rẹ́ wí.

Màmá tún igun náà tọ̀. "Ó mọ́ṣẹ́," wọ́n sọ fún mi, bí ẹni pé ọmọ náà ò sí níbẹ̀. Wẹ́rẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọn ò yin òun báyẹn rí láti kékeré.

Ohun kan tún ti inú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Dókítà náà ránṣẹ́ pe Wẹ́rẹ́. Ó ní ọsibítù ń wá àwọn tó lè túmọ̀ fún àwọn aláìsàn tó sá wá láti ibi ogun, pé àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo kí wọ́n sì sọ ọ́ láìgé e kúrú kò pọ̀. Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́sàn-án ni. Wẹ́rẹ́ ní òun máa rò ó. Màmá ló bá a rò ó tán láàárín ìṣẹ́jú kan. "O ti jókòó tì mí tó," wọ́n wí. "Lọ." Ó ń lọ síbẹ̀ báyìí ní ọ̀sán ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ṣì ń ká aṣọ ní ọjọ́ tó kù.

Mo ti bá oríṣiríṣi èèyàn ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn. Mo ti rí àwọn alágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè tọ́jú ìyá rẹ̀ bí ẹyin nígbà tí inú ń bí i sí i, tí kò jẹ́ kí ìbínú yẹn kan oúnjẹ ìyá náà tàbí ibùsùn rẹ̀ rí, òun ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tèmi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, mo máa ń rántí pé ẹnì kan ló bí i.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí wọn lọ́sàn-án. Màmá ló ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi ìka sétè. Wẹ́rẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sùn gbalaja, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀. Èmi àti Màmá jókòó sí kíṣìnnì, a ń ṣa ẹ̀wà, à ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Aago mẹ́rin kọjá kó tó jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ nu ojú, ó rí búrẹ́dì tuntun lórí tábìlì.

"Ta ló lọ ra búrẹ́dì?"

"Búrẹ́dì ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá," Màmá wí.

"Màmá."

"Èmi ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gòkè padà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sinmi."

Wẹ́rẹ́ wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tì wọ́n. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ̀wà ń jábọ́ níbẹ̀. Ó wá bàtà rẹ̀ kejì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ̀ ọ́.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Màmá mú ọ̀pá wọn. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ òsì á ṣíwájú, èyí tó dáa á tẹ̀ lé e. Wẹ́rẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, kò dì wọ́n mú. Níbi àjà kejì, Màmá dúró láti mí, òun náà dúró, ó ń wo ìta láti fèrèsé títí wọ́n fi ṣetán. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀, ó bèèrè apá ibi tí wọ́n fẹ́ yà sí. Màmá ní apá òsì, torí ọ̀tún ni ọ̀nà ọsibítù, àwọn ò sì fẹ́ rí ọsibítù lónìí. A yà sí òsì.